Ṣíbí Tí Ó Gbórí

Ní iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, níbi tí a ti ń di bisikíìtì sínú páálí, Èló ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ẹnu mi ló fà á. Bí ẹnì kan bá gbé búrẹ́dì wọlé, kí n tó kí i pé ó kú àárọ̀, mo ti máa ń bi í pé èló ni, níbo ló sì ti rà á. Bí ó bá sọ ibẹ̀ tán, màá sọ ibòmíràn tí owó rẹ̀ ti dín fún un. Inú àwọn kan máa ń dùn sí i. Àwọn mìíràn a máa gbé ẹrù wọn pamọ́ fún mi, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ nígbà tí òun ti jẹ búrẹ́dì náà dé ìdajì.

Mo gbà pé àìsàn ni. Ẹ̀rù ló sì bí i. Bí ọjà ṣe ń gun òkè lójoojúmọ́ yìí, mi ò lè sanwó ohunkóhun kí ọkàn mi balẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ní ẹ̀yìn títì kan báyìí, tí mi ò mọ̀, wọ́n ń ta ohun kan náà ní ẹ̀dínwó, tí gbogbo ayé sì mọ ibẹ̀ àfi èmi. Ìgbà tí mo bí ọmọ mi ni ẹ̀rù yẹn wá di ohun tí mò ń bá sùn tí mò ń bá jí.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, omi ọmú mi kò sì wá bó ṣe yẹ. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná títí ikùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ohun tó ń jáde kò ju èyí tí ọmọ lè fi tọ́ ẹnu wò lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe já a lẹ́nu ọmú, kí n kàn máa fi mílíìkì ọmọdé tì í lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ní ọmọ ọwọ́ kò lè mọ ohun tí mílíìkì yẹn jẹ́. Agolo kékeré tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí mo ń gbà níbi iṣẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Owó náà kò sì dọ́gba níbì kankan. Iye kan ni ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ilé wa ní Sángo. Lábẹ́ bíríìjì, níbi tí wọ́n ti ń to agolo sórí tábìlì nínú oòrùn, ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ní ilé ìtajà ńlá onígíláàsì, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ sí ènìyàn lára, ó wọ́n jù, àmọ́ wọ́n á fún ọ ní rìsíìtì, wọ́n á sì pè ọ́ ní màdáàmù. Ní Àgbárá, níbi tí ọkọ mi ti ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́, ọjọ́ inú oṣù ló ń sọ iye tí wọn yóò tà á. Bí wọ́n bá ti sanwó oṣù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ á ti gbọ́ ṣáájú ẹni tí wọ́n sanwó fún, wọ́n á fi kún un. Bí owó bá tán lápò àwọn ènìyàn, wọ́n á tún rọra gbé e wálẹ̀.

Ní Alápòótí ni mo ti rí ẹni tí ó wù mí jù. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ọjà rẹ̀ kì í tètè tà, iye tí ó sì fi rà á láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣì ń bá a yí. Ó máa ń kìlọ̀ fún mi pé ọjà àná ni èyí, pé bí òun bá lọ kó tòní, òun ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbàdúrà nínú ọkàn mi kí ọjà rẹ̀ má tà, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ọkọ mi ní owó màrúwá àti ọ̀kadà tí mo fi ń lọ síbẹ̀ ti jẹ ẹ̀dínwó náà tán lọ́nà. Mo bá a bínú fún ọjọ́ méjì gbáko, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi ti Adó-Odò wá láti bá mi tọ́jú rẹ̀. Ó gbé àpò gàrí kan dání, ó gbé àpò aṣọ kan dání, ó sì fi gèlè di kóńgò rẹ̀ mọ́ àárín aṣọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi kóńgò ṣe nínú ilé oníyàrá kan. Ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá òun dúró ti ìsọ̀, kí onítọ̀hún má lọ fi ba òun lórúkọ jẹ́.

Ẹni tí kò bá ra gàrí lọ́wọ́ ìyá mi rí lè rò pé àsọdùn ni. Agolo lásán ni kóńgò, òun la fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ ìyá mi, gàrí kì í dé etí kóńgò kí ó dúró. Á máa gòkè ni, á ga ṣóńṣó, á máa ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá mi á tún wá fi ọwọ́ bu èènì lé e lórí. Wọ́n á ní ó gbórí. Òǹtajà tó bá na ọwọ́ fá kóńgò lórí kí ó tó dà á sínú ọ̀rá, ìyá mi kì í kà á kún òǹtajà. Ó ní onítọ̀hún ti mú nínú ohun olóhun. Bó ṣe tà á fún ogún ọdún nìyẹn. Kò lówó, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń dúró dè é bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé ọjà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ẹnu mi tún yún mi. Mo sọ fún un pé gàrí Sángo dín owó ju tirẹ̀ lọ, pé ọ̀nà tí ó fi gbé àpò wá jẹ́ ìyà lásán. Ó fún mi lówó, ó ní kí n lọ ra kóńgò mẹ́ta wá. Nígbà tí mo dé, ó da gbogbo rẹ̀ sórí tíréè, ó mú kóńgò tirẹ̀ jáde, ó ń wọ̀n ọ́n padà. Kóńgò kejì kò tíì gbórí tán tí gàrí fi tán lórí tíréè. Kóńgò Sángo, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, wọ́n sì tún ń fi igi fá a lórí. Ìyá mi gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

Ó ní, "Kí o tó bèèrè èló, kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bíi pé èmi ni mo rò ó. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ilé mi gan-an ni mi ò tíì gbé e dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo to gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún ìyá mi: fídà tí mo ti bọ̀, omi gbígbóná nínú fíláàsì, agolo mílíìkì, àti ṣíbí kékeré inú rẹ̀. Mo fi ìka hàn án lára fídà, mo ní kí omi dé ibi ìlà yìí, kí ó wá bu ṣíbí mẹ́rin sí i. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Òun náà sọ ọ́ tẹ̀ lé mi, ó ní omi dé ìlà yìí, ṣíbí mẹ́rin. Ó mọ̀ ọ́n lórí kí n tó wọ bàtà tán. Mo wá sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: agolo kan gbọ́dọ̀ bá wa dé Sátidé, nítorí Sátidé ni owó ọ̀sẹ̀ mi ń wọlé. Bí ó bá tán ṣáájú ìgbà náà, kò sí ohun tí ọmọ yóò mu.

Ọjọ́ Àlàmísì ló tán.

Mo di ẹ̀bi náà ru agolo. Abẹ́ bíríìjì ni mo ti rà á lọ́sẹ̀ náà, mo sì gbà pé wọ́n ti bu nínú rẹ̀ tàbí pé oòrùn ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Mo lọ bá obìnrin tó tà á fún mi, mo wí i títí àwọn ènìyàn fi dúró wò wá. Ó búra. Mo ní gbogbo wọn ló ń búra. Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ sí ilé ìtajà onígíláàsì, mo gba rìsíìtì, mo ká a sínú pọ́ọ̀sì. Àlàmísì náà ló tún tán. Lọ́sẹ̀ kẹta mo sáré lọ sí Alápòótí. Ibi mẹ́ta ni mo ti rà á, iye mẹ́ta ni mo rà á, gbogbo rẹ̀ sì tán ní ọjọ́ kan náà. Ní gbogbo Jímọ̀, ọkọ mi á lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ ní Àgbárá kí ó fún un ní díẹ̀ nínú owó oṣù. Mo rí i pé ojú ń tì í.

Ibí yìí ni mo fẹ́ fò kọjá bí ó bá ṣeé fò. Nígbà tí agolo kò jẹ̀bi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá mi.

Ìyá mi fẹ́ràn tíì. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé kò lè mu ún dúdú, mílíìkì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn tó bá kí ìrun àárọ̀ tán, á po tíì rẹ̀ mu, á jókòó síbi fèrèsé. Èmi máa ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, mi ò wo ohun tó ń bu sí i. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ife rẹ̀ bí mo bá ń fọ àwo. Kò rùn mílíìkì rárá. Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, mo ní ó ti ṣan án ni. Ẹni tó bá ti pinnu pé olè lo jẹ́, mímọ́ ọwọ́ rẹ gan-an ni yóò fi mú ọ.

Mo bá ra mílíìkì ọlọ́ràá kan, ti inú ọ̀rá pélébé, irú èyí tí wọ́n fi ń mu tíì, mo nà án sí ìyá mi. Mo ní, "Màámi, tiyín rèé. Tọmọ ni èyí tó wà nínú agolo."

Ó wò ó lọ́wọ́ mi fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbà á. Ó dúpẹ́. Ó tún gbàdúrà fún mi bó ṣe máa ń ṣe, pé ọmọ yóò tọ́jú èmi náà, pé mi ò ní rí àìrí. Mo ṣe àmín, mo gbé báàgì mi, mo jáde lọ.

Láàárín ìgbà yẹn, ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ mọ́. Ẹkún rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá mu mílíìkì tán, á tún ké. Ìyá mi ní ebi ni, pé ó ń dàgbà, á tún po òmíràn fún un. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ le koko bíi ti ewúrẹ́, bí ó bá fẹ́ yà á, á máa fi gbogbo ara tì í, ojú rẹ̀ á pọ́n. Mo ń ra mílíìkì, mo ń sáré kiri, mo ń bá ẹni ẹlẹ́ni jà nítorí rẹ̀, ọmọ tí mo ń ṣe é fún kò sì sanra. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò fẹ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. A kàn ń wo ọmọ, a ń wo ara wa.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni fóònù mi dún níbi iṣẹ́. Ìyá mi ni. Kò kí mi.

Ó ní, "Ọmọ yìí kò sunkún mọ́."

Mo bi í bóyá ó ti sùn ni. Ó ní kò sùn, pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mi ò rántí ohun tí mo sọ fún ọ̀gá wa. Mo rántí pé mo wọ màrúwá pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí mi, àti pé èmi, Èló, mi ò bèèrè iye tí yóò gbé mi.

Ilé ìlera tó wà nítòsí wa la ti pàdé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó fi ọwọ́ kan àwùjẹ̀ orí rẹ̀, àwùjẹ̀ náà ti wọlé bíi pé ẹnì kan fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀, awọ náà kò tètè padà sílẹ̀. Ó bi wá ohun tó ń jẹ. Mo ní mílíìkì. Ó bi wá bí a ṣe ń pò ó. Èmi àti ìyá mi jọ sọ ọ́ ní ẹnu kan náà: omi dé ìlà yìí, ṣíbí mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní iye náà pé. Ó sọ fún àwọn tó kù kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fa omi sí ọmọ náà lára. Ó fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ló bá tún dúró. Agolo àti fídà wà nínú báàgì tí ìyá mi gbé wá. Ó ní kí Màmá po ọ̀kan kí òun rí i.

Ìyá mi fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bísímílà. Ó ti ṣíbí náà bọ inú agolo, ó gbé e sókè, mílíìkì náà ga ṣóńṣó lórí rẹ̀, ó ń ya lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ìdí ṣíbí gbá etí agolo jẹ́jẹ́ kí ó lè kì, ó tún fi í bu díẹ̀ lé e. Ó dà á sínú fídà, ó bu ìkejì, ó bu ìkẹta. Ó wò mí, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀ nínú gbogbo ìpayà yẹn, nítorí pé òun kò gbàgbé iye tí mo kọ́ òun.

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gba ṣíbí náà pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kékeré kan, ó fá a lórí títí ó fi tẹ́jú. Èyí tó já padà sínú agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí mìíràn.

Ó ní, "Òǹgbẹ ló ń gbẹ ọmọ yín, Màmá. Kì í ṣe ebi. Mílíìkì tí ẹ ń pò yìí ti ki jù. Omi ló ń sunkún bèèrè, ẹ wá ń fi mílíìkì kún mílíìkì fún un."

Gbogbo Àlàmísì yẹn ló padà wá bá mi níbẹ̀. Obìnrin abẹ́ bíríìjì tó búra. Ife tí mo gbóòórùn. Mo ti sọ iye fún ìyá mi, mi ò sọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ mi lórí tíréè gàrí ni.

Ìyá mi kò wo nọ́ọ̀sì. Èmi ló wò. Ó ní, "Ọmọ-ọmọ mi ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fá a lórí fún un?"

A jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ìyá mi jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ó fi àyè ẹni méjì sílẹ̀ láàárín wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún bíi pé kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Omi ń kán sínú iṣan ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ fi ìkánjú fún un, a sì ní láti dúró. Ọkọ mi dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo fi ṣíbí inú agolo hàn án. Nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, nọ́ọ̀sì jáde wá sọ fún wa pé ọmọ ti tọ̀, pé ìtọ̀ náà pọ̀. Ìyá mi fi orí kanlẹ̀ níbi tó wà. Èmi bú sẹ́kún nítorí ìtọ̀.

Ọjọ́ kẹta la gbé e délé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń fa irun mi. Ìyá mi kò gbé e mọ́ àfi bí mo bá bẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun yóò padà sí Adó-Odò tó bá di ọ̀la, pé ọwọ́ òun kò dára fún ọmọ. Mo ní kò lè lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Mo fa àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń tú aṣọ tó ti ká jáde bí ọmọdé, ohun kan sì jábọ́ láti àárín ìborùn rẹ̀.

Mílíìkì ọlọ́ràá tí mo fún un ni. Kò já a.

Mo bi í ìdí tí kò fi mu ún. Ó ní òun fi í pamọ́ fún ọmọ ni, bóyá tí agolo bá tún tán kí Sátidé tó dé, a ó rí nǹkan fi lé e lẹ́nu. Mo ní ṣebí tíì dúdú kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní ó ti ń lọ, pé láti ọjọ́ tí òun ti dé ni òun kò ti fi mílíìkì sí tíì mọ́.

Mo ní, "Kí ló dé, Màámi?"

Ó ní, "Ṣebí ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ iye tí o ń rà á."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo rò sí i, mo sì sọ ohun náà jáde ní kíkún, ife tí mo gbóòórùn, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní òun mọ̀, pé ọjọ́ tí mo na mílíìkì náà sí òun ni òun ti mọ̀. Ó wá ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù, pé ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ mi kò tíì jinná tán.

Kò lọ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń po mílíìkì ọmọ. Ó bu ṣíbí, ó mú ọ̀bẹ, ó fá a lórí jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí ọmọ tó wà lórí ibùsùn, ó ní, "Má bínú, ọkọ mi." Ó bu ìkejì, ó fá a, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bẹ̀ ẹ́.

Mo padà wọlé. Mo gbé omi kaná, mo já mílíìkì ọlọ́ràá yẹn, mo po tíì fún un nínú ife ńlá. Mo bu mílíìkì sí i títí ó fi pupa rẹ́súrẹ́sú, ṣíbí tó gbórí, mo tún fi èènì lé e. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mi ò sì sọ iye tí mo rà á.